Ọkọ̀ Ogun Tó Rì Sórí Tábìlì ní Okoko

Ẹni tó ń kọ èyí gan-an ni gbogbo ẹ̀tẹ́ inú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ó kọ́kọ́ fẹ́ máa wí pé "èmi" báyìí, "èmi" báyẹn, ṣùgbọ́n nígbà tó kọ ọ́ dé ibi tí èéfín ti ń jáde níkùn sínglẹ́tì rẹ̀, ojú tì í. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká pè é ní Bàbá Volks, bí àdúgbò ṣe ń pè é, ká sì máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Volks ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún, Okokomaiko, l'Ékòó, ló sì ń gbé. Orúkọ yẹn kò ṣàdédé wá. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Volkswagen tó wà lójú ọ̀nà Badagry, l'Ọ̀jọ́, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò lọ́dún 1975. Ẹ̀yà mọ́tò á ti òkè òkun dé nínú àpótí, àwọn ọmọ Nàìjíríà á tò ó pọ̀, Ìjàpá tuntun á sì yọ lẹ́nu géètì. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ Ìjàpá ti tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n èrò inú dánfó ṣì ń pariwo "Volks, ó wà o!" títí dòní. Bàbá náà ò sì yéé yangàn: "Èmi tí mo to Ìjàpá!" Ohun tí kì í fi kún un ni pé àga ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Kí Ìjàpá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ní ẹ́ńjìnnì, ó ti ní táyà, ó ti gba ọ̀dà. Òun á ti àga sí i, á di bóòtù rẹ̀, ó parí.

Ìgbéraga àga ẹ̀yìn yìí ló kó bá a.

Ọmọ rẹ̀ tó ń gbé Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, wálé Kérésì, ó sì gbé páálí ńlá kan dání. "Dádì," ó ní, "ẹ̀yin náà kúkú ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Ẹ máa fi gbádùn ara yín." Táǹkì ogun ló wà nínú páálí náà, King Tiger tí àwọn Jámánì fi ja Ogun Àgbáyé Kejì. Ojúlówó rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí 70 tọ́ọ̀nù, láti ẹnu ìbọn rẹ̀ dé ìdí rẹ̀ sì ju mítà 10 lọ. Èyí tó wà nínú páálí jẹ́ ìwọ̀n 1/16, ìyẹn ni pé bí ẹ bá to irú rẹ̀ mẹ́rìndínlógún tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á gùn tó ojúlówó kan. Bí wọ́n bá tò ó tán, á gùn tó sẹ̀ǹtímítà 64. Kò sí tábìlì kan nílé Bàbá tó lè gba òun àti abọ́ oúnjẹ pọ̀.

Àwọn tó wà nídìí eré yìí mọ̀ pé 1/16 tóbi. Èyí tó wọ́pọ̀ jù fún táǹkì ni 1/35, ẹ̀rín sì ni bí nọ́ńbà yẹn ṣe délé ayé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ Tamiya tó wà ní Shizuoka, ní Japan, fẹ́ ṣe táǹkì Panther kékeré kan tó máa fi mọ́tò oníbátìrì rìn. Wọ́n wo bátìrì méjì tó máa wọ inú rẹ̀, wọ́n ṣe táǹkì yí i ká, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó ṣírò rẹ̀ pé 1/35 ló bọ́ sí. Bàbá Volks fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀. Ó ní ó fi hàn pé àwọn ará Japan pàápàá a máa ṣe é bó bá ṣe gbà.

Nínú irú páálí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà kì í dá wà. Wọ́n so mọ́ férémù ike, nọ́ńbà sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìtọ́sọ́nà á ní kí ẹ gé nọ́ńbà báyìí lára férémù báyìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ nọ́ńbà báyìí, kí ẹ tó gé òmíràn. Bàbá ka ojú ewé àkọ́kọ́, ó yínmú. Ní Volks, inú agbọ̀n ni wọ́n ti ń bá bóòtù ní sẹpẹ́, ta ló ń gé e lára férémù? Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé gbogbo rẹ̀ pátá, ó dà wọ́n sínú báfù tí ìyàwó rẹ̀ fi ń fọ ẹ̀wà, ó sì fi ọwọ́ rò wọ́n pọ̀. Ó kó férémù tó ṣófo jáde fún àwọn tó ń kó ilẹ̀.

Ara férémù ni nọ́ńbà wà. Kò sí ẹyọ kan lára ẹ̀yà.

Ó pe ọmọ rẹ̀. "Dádì, ẹ gé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Kí n má baà máa dìde wá sísọ́ọ̀sì ni."

Ọmọ náà dákẹ́ títí Bàbá fi rò pé káàdì ti tán.

Báfù ẹ̀wà wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti ń yún Bàbá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Iba Estate ló wá tanná ran ọ̀rọ̀ náà. Ológun ojú omi tó ti fẹ̀yìntì ni, Ọ̀gá Néfì la ń pè é. Lágbègbè Ọ̀jọ́, bóyá lèèyàn fi máa dàgbà láìní ọ̀rẹ́ ológun: bárékè ńlá wà lójú títì Badagry, Navy Town sì wà nítòsí Alákijà. Ọ̀gá Néfì ní kí ni Bàbá ń fi táǹkì àwọn Jámánì ṣe, nígbà tí Nàìjíríà ní ọkọ̀ ogun NNS Aradu.

Ó ro ìtàn ọkọ̀ náà fún un. Ilé-iṣẹ́ Blohm und Voss ló kàn án ní Hamburg. Ọdún 1980 ni wọ́n sọ ọ́ sómi, Republic ló ń jẹ́ nígbà náà, kí ọdún yẹn tó parí ni wọ́n sọ ọ́ ní Aradu, ààrá nìyẹn lédè Haúsá. Ní 1982 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òun ni àkọ́kọ́ nínú irú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní MEKO, ọgbọ́n tó sì wà nínú MEKO ni pé ìbọn àti ẹ̀rọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n dè mọ́ ọkọ̀ tọjọ́tọjọ́. Kálukú wọn wà nínú àpótí tirẹ̀, wọ́n á sọ̀ ọ́ sí àyè tí wọ́n ti dá sí fún un. Bó bá gbó, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun sí i. Ibi tí Ọ̀gá Néfì sọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Bàbá fi fò dìde. Ẹ̀yà tó ti Jámánì wá nínú àpótí! Kí ni wọ́n ń ṣe ní Volks bí kì í ṣe ìyẹn?

Ó ní òun náà máa to Aradu tòun. Ó mú ìwọ̀n 1/50, kò sídìí méjì, ó rọrùn láti pín ni. Aradu gùn ní mítà 125.6, ó sì fẹ̀ ní mítà 15. Ti Bàbá máa gùn ju mítà méjì ààbọ̀ lọ díẹ̀, á fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ìyàwó rẹ̀ wo téèpù tó tẹ́ sí pálọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tẹlifísàn, ó ní, "Bàbá, níbo la wá fẹ́ kí àlejò jókòó sí?" Kò rí èsì.

Páńkó wọ́n, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fi ọjà Àlàbá jíǹkí wa. Tẹlifísàn kan ò lè wọ Àlàbá láìsí fóòmù funfun nínú páálí rẹ̀, fìríìjì ló sì ń kó èyí tó nípọn jù wá. Bàbá bẹ ọmọkùnrin kan tó ń ta fìríìjì. "Dádì, ẹ kó gbogbo ẹ̀," ọmọ náà ní, "kí ẹ bá mi gbá ilẹ̀ ibẹ̀ náà." Bàbá gbálẹ̀. Ó di fóòmù kún inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá títí a ò fi rí orí òun fúnra rẹ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ Ìyànà-Iba gba èyí tó kéré lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ síhà yunifásítì LASU.

Ọ̀bẹ búrẹ́dì ló fi gbẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ti fi ọ̀bẹ gé fóòmù rí mọ̀ pé kì í gé, ńṣe ló ń fọ́ sí wóróbo, wóróbo náà a sì máa lẹ̀ mọ́ ara, mọ́ irun, mọ́ kọ́tìnnì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá rẹ gàrí, gàrí Ìjẹ̀bú olómi tútù, ó fi ẹ̀pà sí i. Ó rí i pé gàrí kan ń léfòó lójú omi tí kò fẹ́ rì. Ó fi ṣíbí tì í wọlẹ̀, ó tún yọ sókè. Ó bù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó ń dún kíkí láàrin eyín. Ojú àgbà ò mọ gàrí yàtọ̀ sí fóòmù, gílásì rẹ̀ sì wà lórí iwájú orí rẹ̀ látàárọ̀.

Ọjọ́ ọ̀dà ni ẹ̀sín gan-an bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ eérú ni wọ́n ń kun ọkọ̀ ogun. Bàbá lọ sọ́dọ̀ pẹ́ńtà tó ń kun mọ́tò lẹ́bàá títì, ó ra ọ̀dà mọ́tò àti tínà. Pẹ́ńtà bi í pé, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ kùn?" Ó ní, "Ọkọ̀ ni." Irọ́ kọ́. Ó po ọ̀dà mọ́ tínà dáadáa kó lè ṣàn, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ó ń fi imú kọrin. Kó tó kùn ún dé àárín, iwájú ti ń rì. Ó gbọ́ ṣííí, ó rò pé omi ló ń hó ní kíṣìnnì. Ihò kan là sí imú ọkọ̀, ó ń fẹ̀ bí Bàbá ṣe ń wò ó, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wó sínú, tòsì tẹ̀ lé e. Ó fẹ́ fi ọ̀dà sí i dí ihò náà. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ máa dé láti ọjà, ẹrẹ̀ eérú kan tó ń rùn ló kù, ó ti lẹ̀ mọ́ tábìlì.

"Bàbá," obìnrin náà ní, "ṣé ogun ti parí?"

Àlàyé rẹ̀ kò ṣòro, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré yìí sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Polystyrene ni wọ́n fi ń ṣe fóòmù funfun, òun kan náà ni ike tí wọ́n fi ń ṣe àwọn mọ́dẹ̀lì inú páálí. Tínà a máa yọ́ ọ. Gúlù tí wọ́n fi ń to mọ́dẹ̀lì ike pàápàá, yíyọ́ ló ń yọ́ ike náà díẹ̀ lẹ́nu kí ẹ̀yà méjì lè wọnú ara wọn. Ní ti fóòmù, ó ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ tó jẹ́ afẹ́fẹ́, nítorí náà bí tínà bá kàn án, kò sí ohun tó máa ṣẹ́kù. Ọ̀gá Néfì tù ú nínú. Ó ní Aradu gidi náà rí nǹkan: lọ́dún 1987 nìkan, ó gúnlẹ̀ sórí iyanrìn lẹ́ẹ̀mejì, ó tún forí gbárí nínú ìjàǹbá ńlá kan. Ó gba àtúnṣe, nígbà tó sì di 2005, ó wà lára àwọn ọkọ̀ tó tò lẹ́sẹẹsẹ ní Portsmouth, ní Gẹ̀ẹ́sì, fún àyájọ́ igba ọdún ogun Trafalgar.

Bàbá padà sí Àlàbá lọ gbálẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn kápẹ́ńtà lẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ mọ́ fóòmù náà ní ìpele-ìpele, ó jẹ́ kó gbẹ, ó fi sáńpépà ha á, ó sì kun ọ̀dà olómi, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ògiri. Ó dúró. Ó tún fa báfù ẹ̀wà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Táyà táǹkì di ìdí rédà, ìbòrí ẹ́ńjìnnì di ilẹ̀kùn, ìbọn kéékèèké di òpó. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ òfuurufú inú sinimá Star Wars ti 1977 ṣe: ẹ̀yà táǹkì àti mọ́dẹ̀lì ike oríṣiríṣi ni wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn lára.

Ẹnu ìbọn ńlá iwájú Aradu fẹ̀ ní mìlímítà 127. Bí ẹ bá fi 50 pín in, á ku mìlímítà méjì ààbọ̀. Kí ló tó bẹ́ẹ̀ nílé? Inú báírò! Bàbá yọ ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí yíǹkì wà nínú rẹ̀, ó gé e, ó sọ ọ́ sí àyè rẹ̀, ó rẹwà lójú gan-an. Kò fọ yíǹkì kúrò. Oòrùn ọ̀sán wọlé láti wíńdò, yíǹkì gbóná, Aradu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ búlúù láti ẹnu ìbọn rẹ̀ dé ilẹ̀ ọkọ̀.

Ọgbọ́n yíǹkì kì í kúkú ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó gbẹ́ ère l'Ékòó nígbà ayé òyìnbó, fi igi ṣe ajẹ́lẹ̀, sójà àti lọ́yà kéékèèké, ó sì fi yíǹkì dúdú àti pupa pẹ̀lú pólíìṣì bàtà funfun kùn wọ́n. Justus Akeredolu ará Ọ̀wọ̀ gbẹ́ tirẹ̀ lára ẹ̀gún igi, wọ́n kéré débi pé èèyàn lè di mélòó kan mú lọ́wọ́ kan. Àwọn ará Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti gbé ọkọ̀ òfuurufú lé orí jó. Èwo nínú àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló sì lè sọ pé òun ò fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò rí, tí òun fi ìdérí ìgò ṣe táyà? Odulate àti Akeredolu mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, òun ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn àti Bàbá Volks.

Súpàgúlù ló kàn. Ogun ló bí súpàgúlù: lọ́dún 1942, Harry Coover, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé-iṣẹ́ Kodak l'Amẹ́ríkà, ń wá ike tó mọ́ gaara tí wọ́n lè fi ṣe awò ìbọn. Ohun tó rí ń lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan, ó jù ú tì. Ó di 1958 kí wọ́n tó gbé e jáde fún títà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé súpàgúlù kì í bá òwú ṣeré. Bó bá dà sára aṣọ òwú, méjèèjì á mú ooru jáde kíákíá, èéfín á yọ, ó tilẹ̀ lè jóni. Súpàgúlù dà sí Bàbá lọ́wọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí àkísà, ó fi ọwọ́ nù ún mọ́ sínglẹ́tì, sínglẹ́tì òwú funfun tó mọ́ rekete. Ikùn rẹ̀ gbóná. Èéfín yọ. Mo pariwo, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá pariwo. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní JSS2 gbé odindi bọ́kẹ́ẹ̀tì omi dà lé e lórí, ó sì bi í lẹ́yìn náà pé, "Bàbá Àgbà, ṣé ẹ̀yin náà ni ìbọn?"

Ti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn tó ń fi súpírè kun mọ́dẹ̀lì fẹ́ràn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fìríìjì àtijọ́ torí kì í pariwo, Àlàbá sì kún fún un. Ṣùgbọ́n ó ní ọ́ìlì nínú, èèyàn gbọ́dọ̀ so nǹkan tó ń gba ọ́ìlì àti omi mọ́ ọn. Bàbá ní òun ò rówó nǹkan kékeré yẹn. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ pọ ọ́ìlì sára ọkọ̀, ó pọ̀ ọ́ sára ìró tí ìyàwó rẹ̀ sá sórí okùn, owó ìró tuntun sì ju owó nǹkan kékeré yẹn lọ.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí kò jáwọ́. Ní ọjọ́ orí yẹn, oorun a máa dá lójú ẹni ní aago mẹ́rin ìdájí, kò sì sí ohun méjì tí àgbàlagbà ń fi aago mẹ́rin ṣe ju kó ka gbèsè tàbí kó ka àìsàn. Bàbá ń ka wíńdò ọkọ̀. Kò sí ọ̀gá tó máa fún un ní kuérì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó bá a fi ojú rẹ̀ tó dá ṣáṣá lẹ àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn náà mọ bí wọ́n ṣe ń pín mítà sí 50 lórí báyìí, ó sì mọ ibi tí Hamburg wà. Bàbá kò rò pé òun ì bá lè ṣe é nígbà tóun wà ní ogójì ọdún, ì bá ti fọ́ ọ mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ tínà.

Nígbà tó parí, ó fẹ́ gbé e lọ fi han Ọ̀gá Néfì. Ọkọ̀ tó lé ní mítà méjì ààbọ̀ ò lè ya kọ́nà pasejì, wẹ́dà ló wá gé irin wíńdò kí Aradu tó rí ọ̀nà jáde. Tírénì aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Okokomaiko gan-an ni wọ́n ní ó ń bọ̀. Kò tíì dé, dánfó la fi lọ. Kọ̀ńdọ́ wo ọkọ̀ náà, ó ní owó èèyàn mẹ́ta. Bàbá ní ẹrù ni. Kọ̀ńdọ́ ní, "Bàbá, ẹrù tó jókòó, èrò ni." Ó san án. Ní gbogbo kòtò tó wà láàrin Okoko sí Ìyànà-Iba, ọgbọ́n MEKO ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ: gbogbo ohun tó ṣeé yọ ló ń yọ, àwọn èrò sì ń bá a ṣa rédà nílẹ̀.

Ọ̀gá Néfì yí ọkọ̀ náà ká, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó dúró síbi nọ́ńbà. F89 ni nọ́ńbà Aradu. Bàbá ti kọ F fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gé 89 sára páálí kan ṣoṣo kó lè fi súpírè kùn ún, ó sì gbé páálí náà sódì. Ohun tó wà lára ọkọ̀ ni F68.

"Ọkọ̀ wo lèyí?" Ọ̀gá Néfì béèrè.

Wọ́n ti tún nọ́ńbà kùn. Ọ̀rọ̀ tó kù nílẹ̀ ni ti àwọ̀ ilẹ̀ ọkọ̀, ibi tí àwọn ológun ń rìn. Eérú ni Bàbá kùn ún, Ọ̀gá Néfì ta kú pé ewéko ni, fọ́tò tó sì mú jáde láti fi gbè é lẹ́sẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun. Ẹ̀yin tí ẹ ṣiṣẹ́ nínú Aradu láàrin 1982 sí 2005, tàbí tí bàbá yín ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó sì fi fọ́tò aláwọ̀ sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn yìí. Ẹ sọ àwọ̀ náà, kí ẹ sì sọ ọdún tí ẹ rí i, torí Ọ̀gá Néfì ti ń wí báyìí pé wọ́n lè ti tún un kùn nígbà àtúnṣe.